Ta Ló Wà Lórí Àga Lọ́jọ́ Náà?

Ní Ìkàtẹ́ Elégúṣì, ẹni tó mọ ìwé ilẹ̀ yẹ̀ wò kì í jẹ́ kí ẹwà ìwé tan òun jẹ. Òǹtẹ̀ lè pupa fòò, bébà lè nípọn, ìfọwọ́sí lè dúró gbọnyin. Ayédèrú ló sábà máa ń múra jù. Lọ́yà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, tàbí sọ̀fíyọ̀ tí ojú rẹ̀ ti rí tó, ìbéèrè ló máa kó bo ìwé ọ̀hún. Ta ni olórí ẹbí lọ́jọ́ tí wọ́n ní wọ́n fọwọ́ sí èyí? Ọba tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí, ṣé ó ti gorí oyè nígbà náà? Bí a bá gbé àwọn nọ́ńbà tó wà lórí sọ́fè yìí lọ sí Aláúsá, ṣé orí ilẹ̀ tí wọ́n mú wa wò ló máa bọ́ sí, àbí àárín ọ̀sà? Ní àdúgbò tí onílé ti ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé òun kì í ṣe títà, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń gba owó ọmọ ènìyàn sílẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó ń wá ẹni tó wà lórí àga, ni Jacques Baute fi tú àṣírí ìdì ìwé kan ní ọdún 2003. Ará Faransé ni. Òun ló ń darí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ núkílíà Ìráàkì ní IAEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó agbára átọ́míìkì, tó fi ìlú Vienna ṣe ibùjókòó. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa lápá àríwá, ti gbà láti máa ta 500 tọ́ọ̀nù yuréníọ̀mù, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, fún Ìráàkì lọ́dọọdún. Ẹni tó bá gba ìwé yẹn gbọ́ ti ní ìdí láti jagun.

Ìwé náà ti rìn jìnnà kó tó dé ọwọ́ Baute. Láti ìparí ọdún 2001 ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ítálì ti ń ta Amẹ́ríkà lólobó nípa òwò yìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ìjọba Bìrìtéènì gbé ìwé jáde fún gbogbo ayé pé Ìráàkì ti wá yuréníọ̀mù lọ sí Áfíríkà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó ń fi ìròyìn àṣírí ṣòwò, Rocco Martino, gbé ìdì ìwé náà fún Elisabetta Burba, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Panorama ní Ítálì. Burba mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ẹ́ńbásì Amẹ́ríkà ní Róòmù, òun fúnra rẹ̀ sì wọ bàálù lọ sí Niamey, olú ìlú Niger. Ó wádìí níbẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Lójú tèmi, ìyìn tí wọ́n fún obìnrin yìí kò tíì tó. Akọ̀ròyìn mélòó ni yóò rí irú ẹran bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní bù ú jẹ?

Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2003, Ààrẹ George Bush dúró níwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ní ìjọba Bìrìtéènì ti gbọ́ pé Saddam Hussein, ààrẹ Ìráàkì, wá yuréníọ̀mù púpọ̀ ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, Amẹ́ríkà wá kó ẹ̀dà ìwé náà fún IAEA.

Wákàtí díẹ̀ ló gba Baute, Google sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan wà tí déètì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2000. Wọ́n ní Allele Elhadj Habibou ló fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bíi mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, bẹ́ẹ̀ Habibou ti kúrò ní ipò yẹn láti ọdún 1989. Òǹtẹ̀ tó fi hàn pé lẹ́tà náà ti wọlé sí Róòmù gbé ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbà á kí wọ́n tó kọ ọ́. Orúkọ tó wà lókè ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà jẹ́ ti ìjọba ológun tí kò sí mọ́. Lẹ́tà mìíràn, tí wọ́n ní Ààrẹ Mamadou Tandja ló kọ ọ́ ní oṣù keje ọdún 2000, sọ pé agbára òun ti inú òfin ilẹ̀ ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1965 wá. Òfin ilẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 1999 ni Niger ń lò nígbà náà, òun náà ni wọ́n sì fi dìbò yan Tandja. Ṣé ààrẹ ò ní mọ òfin tó gbé e dé orí àga ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi iṣẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà náà, wọ́n ní ọmọ iléèwé ì bá rí àṣìṣe wọ̀nyẹn. Mi ò gbà. Oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìwé náà fi wà lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, tí àwọn tó mọ̀wé ju ọmọ iléèwé lọ sì ń kọjá lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá Saddam lè ṣe irú nǹkan báyìí, ìdáhùn sí ìyẹn sì ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀. Baute bi ìwé náà nípa Niger. Orílẹ̀-èdè tí ológun ti gbàjọba ní 1974, ní 1996 àti ní 1999, déètì ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, torí pé ẹni tó wà lórí àga lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ṣe ayédèrú náà kò ka ìyẹn sí. Ó gbà pé kò sí ẹni tí yóò kà á lókè òkun tó mọ orúkọ mínísítà kankan ní Niamey, díẹ̀ ló sì kù kí ó jàre.

Apá tó wù mí jù nínú iṣẹ́ Baute kò tilẹ̀ sí nínú àwọn àṣìṣe yẹn. Ìwé tòótọ́ náà máa ń ní àṣìṣe. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn atẹ̀wé ìta kóòtù rí mọ̀ pé wọ́n lè kọ ọdún tó kọjá sórí ìwé tí kò ní ẹ̀tàn kankan nínú. Nítorí náà àwọn ènìyàn Baute ò fi àṣìṣe nìkan dájọ́. Wọ́n gba àwọn lẹ́tà tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Niger kọ lóòótọ́, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú, wọ́n sì fi ètò ìwé wé ètò ìwé, ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, ìfọwọ́sí wé ìfọwọ́sí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá aṣojú Ìráàkì tó lọ sí Niamey ní oṣù kejì ọdún 1999, Wissam al-Zahawie, lẹ́nu wò. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kò bára mu ni wọ́n tó la ẹnu.

Kì í ṣe pé gbogbo ojú ló sùn ní Amẹ́ríkà ṣá o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìwádìí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn ṣàkíyèsí pé ìwé mìíràn wà nínú ìdì náà, tó ń sọ nípa àdéhùn ogun láàárín àwọn orílẹ̀-èdè kan, ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Òǹtẹ̀ kan náà, tó rí ṣàkàṣàkà, ló wà lára ìyẹn àti lára ìwé yuréníọ̀mù. Bí ọ̀kan bá jẹ́ irọ́ pátápátá, kí ni ìkejì rẹ̀ ń ṣe lábẹ́ òǹtẹ̀ yẹn? Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka tirẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìròyìn ńlá tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jọ ṣe lóṣù yẹn pé àwọn ń ṣiyèméjì gidi sí ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Inú ìròyìn náà ló kú sí.

Ọ̀nà kejì láti yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò ni kí a fi ìwé sílẹ̀, kí a wo ẹrù. Ní oṣù kejì ọdún 2002, CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, rán Joseph Wilson, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Niamey rí ní àwọn ọdún 1970, padà lọ síbẹ̀. Iléeṣẹ́ méjì ló ń wa yuréníọ̀mù ní ẹkùn Arlit nínú aṣálẹ̀ nígbà náà, SOMAIR àti COMINAK. Faransé ló ń darí wọn, Jàpáánù àti Sípéènì ní ìpín nínú COMINAK, ìjọba Niger náà sì ní tirẹ̀. 500 tọ́ọ̀nù tó ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo ohun tí Niger ń wà lọ́dún. Kò sí bí a ṣe lè yọ ìyẹn lápò àwọn alájọni kí wọ́n má fura. Ọ̀nà tí ẹrù náà sì ń gbà jáde nígbà náà, àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n: ó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ Benin, ó ń gba Parakou àti agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé èbúté Kútọnu. Ẹ fojú inú wo iye ọkọ̀ àjàgbé tó máa tò lójú ọ̀nà yẹn, kí gbogbo ẹ̀ṣọ́ ibodè àti ìyálọ́jà tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà má sì rí wọn.

Wilson padà wá, ó ní òun kò gbà pé òwò náà ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ó gbé nǹkan kan bọ̀ tó gba ìtumọ̀ méjì. Ibrahim Mayaki, tó ti ṣe olórí ìjọba ní Niger rí, sọ fún un pé ní ọdún 1999 ẹnì kan wá bẹ òun kí òun pàdé àwọn ará Ìráàkì lórí ọ̀rọ̀ òwò, òun sì fura pé yuréníọ̀mù ni wọ́n ní lọ́kàn, òun ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbá èyí mú pé ẹ̀rí rèé pé Ìráàkì wá a. Ìgbìmọ̀ Lord Butler, tó yẹ iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Bìrìtéènì wò, náà sọ ní oṣù keje ọdún 2004 pé ohun tí ìjọba wọn sọ ní ìpìlẹ̀, torí pé orí ìròyìn mìíràn ló dúró lé, kì í ṣe orí ayédèrú yẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìṣòro mi ni pé ìròyìn mìíràn yẹn kò dé orí tábìlì ẹni bíi Baute ní gbangba rí. Àwọn tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ rán wá inú Ìráàkì lẹ́yìn ogun jábọ̀ lọ́dún 2004 pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé Ìráàkì wá yuréníọ̀mù nílẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn 1991.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 2003, ọ̀gá Baute, Mohamed ElBaradei, dúró níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sọ ẹni tó ṣe é. Ó ní àwọn ìwé náà kì í ṣe ojúlówó, ó sì ní bí ẹ̀rí mìíràn bá yọjú, àjọ òun yóò tẹ̀ lé e. Kò ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ogun bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jiyàn yìí, nǹkan bíi 550 tọ́ọ̀nù yuréníọ̀mù ti wà ní Tuwaitha, nítòsí Bagidádì, tí IAEA ti kà á, tí wọ́n sì ti fi èdìdì dì í láti àwọn ọdún 1990. Ní ọdún 2008 ni wọ́n kó o jáde, tí iléeṣẹ́ Cameco ní Kánádà rà á. Apá kan nínú rẹ̀, Niger ni Ìráàkì ti rà á, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.