Ọwọ́ Mọ Bọ́tìnì, Etí Kò Tíì Mọ Ohùn: Àyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Dùùrù Oníná Orí Fídíò

A máa ń ṣe lámèyítọ́ ìwé, a máa ń ṣe ti eré orí ìtàgé àti ti àwo orin, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a ṣe lámèyítọ́ ẹ̀kọ́ tí olórin fi di olórin. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹyẹ bá jẹ, òun náà ni ẹyẹ ń gbé fò. Lónìí, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ àdììtú dùùrù oníná ní Sakété tàbí ní Pobè lè wá olùkọ́ lórí fóònù. Olùkọ́ náà lè wà ní Paris tàbí ní Amẹ́ríkà; èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi kọ́ni. Ó yẹ kí a yẹ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ọnà mìíràn wò: kí ni ó ń kọ́ni, kí sì ni ó ń fò dá?

Dùùrù tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ẹ̀rọ kan ni tó kó orísun ohùn, ìlù àti ìgbàsílẹ̀ orin pọ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo. Korg M1, tó jáde láti ilẹ̀ Jàpáánì ní ọdún 1988, wà lára àwọn tó sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìpele mẹ́ta pàtàkì ló ní: Program, èyí tí í ṣe ohùn kan, Combination, èyí tó lè so ohùn tó tó 8 pọ̀, àti Sequence, níbi tí a ti ń kọ orin sílẹ̀ ní ìlà 8. Nígbà tí Korg Kronos dé ní ọdún 2011, ọ̀nà 9 tó yàtọ̀ síra ni ó ní láti fi dá ohùn. Ẹni tó bá dojú kọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìní amọ̀nà dà bí àlejò tó wọ ọjà ńlá lóru.

Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ orí fídíò. Ó ń ṣe ohun tí ìwé ìtọ́nisọ́nà kò lè ṣe: ojú ń rí bọ́tìnì, etí sì ń gbọ́ àyípadà lẹ́ẹ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dá a padà sẹ́yìn nígbà ogún, olùkọ́ kò ní kanra. Èyí tó dára jù nínú wọn ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn òfìfo, tí a ti bọ́ gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò lára rẹ̀, tí olùkọ́ wá ń fi nǹkan kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wo irú èyí tán yóò mọ ìdí tí ohùn náà fi rí bí ó ṣe rí.

Èyí tó wọ́pọ̀ ni ẹ̀kọ́ tẹ-èyí-tẹ-yẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ohun tí àwọn Faransé ń pè ní enveloppe. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: bí ohùn ṣe ń yára dìde tó, bí ó ṣe ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìdìde, ibi tó dúró sí nígbà tí ìka ṣì wà lórí dùùrù, àti bí ó ṣe ń kú lọ nígbà tí ìka bá kúrò. Olùkọ́ á ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, ó parí. Kò sí ẹni tó ní kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí agogo, tó ń dìde lójijì tó sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Tàbí sí fèrè, tó ń dúró níwọ̀n ìgbà tí èémí bá ṣì wà. Bákan náà ni filtre, tí kò ju asẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì lọ: ó ń jẹ́ kí àwọn ìró kan kọjá, ó sì ń dá àwọn yòókù dúró. Ẹni tó mọ asẹ́, tó sì ti gbọ́ agogo dáadáa, nọ́ńbà nìkan ló kù tí yóò kọ́.

Orúkọ agogo pàápàá wà nínú ẹ̀rọ. Nínú àtòjọ ohùn 128 tí a mọ̀ sí General MIDI, tó jáde ní ọdún 1991, Agogo ni nọ́ńbà 114. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, tí àwọn ará Brazil náà ń lò nínú orin wọn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀rọ ti tẹ́ ohùn agogo ká gbogbo orí dùùrù, bí ẹni pé agogo ń kọ dò-re-mi. Agogo tiwa, ẹnu kan tàbí méjì ló ní, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú àkókò dúró fún àwọn ìlù yòókù. Orúkọ wọlé, iṣẹ́ kò wọlé. Dùndún kò tilẹ̀ sí nínú àtòjọ náà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa. Dùùrù pín àlàfo tó wà láàárín dò kan àti dò kejì sí ìgbésẹ̀ ọgbọọgba 12. Èdè Yorùbá kò gun irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, dò-re-mi ni a fi ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè; ṣùgbọ́n ẹ sọ “ìwé” sókè kí ẹ gbọ́ bí ohùn kejì ṣe ń yọ́ gòkè; ẹ sọ “rárà” kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń yọ́ wálẹ̀. Ìyáàlù ń sọ èyí, nítorí pé onílù ń fún ọṣán, ó sì ń dẹ̀ ẹ́, láàárín ìró kan ṣoṣo. Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú orin ìsìn àwọn òyìnbó, orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń dàrú. T. K. Ekundayo Phillips, atẹ-dùùrù Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Èkó, jiyàn nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music, tó jáde ní ọdún 1953, pé kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Dùùrù oníná sì ní ohun tí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà náà kò ní. Ọ̀pá kékeré tàbí àgbá kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tí ń tẹ ohùn gòkè tàbí wálẹ̀. Nínú ètò MIDI, tó dé ní ọdún 1983, ipò 16,384 ni ó lè wà. Portamento wà, tí ń mú ohùn yọ́ láti orí ìró kan dé òmíràn. Lórí Kronos, a lè sún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìró 12 sókè tàbí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wọ́pọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ 2 ni a sábà máa ń fi ọ̀pá náà sí láti ilé-iṣẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fi í sílẹ̀.

Ẹnìkan lè ní: ìsìn ọjọ́ Àìkú ti dé tán, kọ́ọ̀dù ni ẹgbẹ́ akọrin fẹ́, kí ni a fẹ́ fi dùndún inú ẹ̀rọ ṣe nígbà tí onílù wà ládùúgbò? Ìbéèrè gidi ni. A kò ní kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ onílù. King Sunny Adé lo dùùrù oníná nínú àwo Synchro System ní ọdún 1983, kò sì lé àwọn ìlù tí ń sọ̀rọ̀ jáde. Ohun tí à ń béèrè ni kí atẹ-dùùrù ní etí onílù, kí ó lè mọ ìgbà tí ohun tó tẹ̀ ń ba ọ̀rọ̀ akọrin jẹ́. Ní ilé Àyàn, ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù. Yóò gbọ́ títí, yóò lu àwọn ìlù kékeré, ìyáàlù á wá kẹ́yìn. Etí ló ń ṣáájú ọwọ́. Nínú ẹ̀kọ́ orí fídíò, ojú ló ń ṣáájú, ọwọ́ tẹ̀lé e, etí sì kẹ́yìn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má pa fídíò tì. Kí ó fi ìdánwò kan kún un. Ẹ mú ohùn kan tó rọrùn. Ẹ mú kí ọ̀pá náà lè rìn ju ìgbésẹ̀ 2 lọ, kí ẹ wá fi ìka kan àti ọ̀pá náà sọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ẹ pe àgbà kan nínú ilé, kí ẹ bi í èwo ni ti ìyàwó, èwo ni ti àgbẹ̀, èwo ni ti awakọ̀. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ ti wọlé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ padà sídìí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó bá yege nínú yín ṣe fídíò tirẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí agogo àti asẹ́, kí ó tó kan bọ́tìnì. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ la ṣì ń retí.