Ìdá Kan Nínú Ọgọ́rùn-ún: Ìwé James Clear àti Ẹsẹ̀ Tóbi Amúsàn

Ìwé James Clear tó ń jẹ́ Atomic Habits, tó jáde lọ́dún 2018, ti dé ọ̀pọ̀ ilé ní Abraham Adésànyà Estate wa níbí. Mo ti bá a lórí tábìlì àwọn ọ̀dọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Ìwé náà dùn-ún kà, n kò ní purọ́. Ìṣirò inú ẹ̀ ni mo fẹ́ bá fà á.

Ó ní bí èèyàn bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dára sí i lójoojúmọ́ fún ọdún kan, yóò dára sí i ní ìlọ́po 37. Èlé orí owó nìyẹn o! Ẹsẹ̀ kì í gba èlé. Ẹ wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, nínú eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi. Lọ́dún 2017, ìṣẹ́jú-àáyá 12.57 ló fi sá a. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ṣiṣẹ́ kó tó sá 12.42 ní Zürich lọ́dún 2021. Láàárín ìgbà yẹn, ipò kẹrin ló ṣe ní Doha, ipò kẹrin náà ló tún ṣe ní Tokyo. Àfi bó ṣe di oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene, tó sá 12.12, tí kò sí obìnrin tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Èwo ló jọ àtẹ̀gùn tí ń gòkè díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀?

Ṣé ìṣe ojoojúmọ́ kò wúlò ni? Rárá o. Ṣùgbọ́n Amúsàn rí pápá gidi ní yunifásítì Texas tó wà ní El Paso, ó sì ní olùkọ́, Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà tó gba wúrà eré yìí kan náà ní Commonwealth 2002. Clear fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé àyíká ẹni ṣe pàtàkì, ó tilẹ̀ ya orí kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀bùn àbínibí. Àwọn òǹkàwé wa ló ń fo ibẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ń ta ẹja dídì l'Ájah, tó ń tètè jí, tó ń kọ owó sílẹ̀, tó ṣe gbogbo ẹ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti nǹkan bíi 190 náírà lọ sí bíi 490. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, ẹja jẹrà. Ṣé ìwà aṣeyọrí ni kò ní? Àwọn agunkẹ̀kẹ́ Bírítéènì tí Clear fi bẹ̀rẹ̀ orí kìíní ìwé ẹ̀, àwọn tí Dave Brailsford tún ṣe láti 2003, owó lọ́tìrì ìjọba ti ń wọlé fún wọn láti ọdún 1997. Ta ló fún ẹlẹ́ja wa ní tiẹ̀?