Ọ̀wẹ̀ Ni Àbí Ìwọ̀fà?

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ òṣèré kan tí n ò ní dárúkọ ní ká wá yọ̀ǹda ara wa fún àjọ̀dún wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tí mò ń to àga. Owó ọkọ̀ mi ni mo fi lọ, òun náà ni mo fi bọ̀. Ìgbà tí mo béèrè oúnjẹ, ọ̀gá kan ní, "Ṣé torí oúnjẹ lo ṣe wá ni? Ìfẹ́ iṣẹ́ ọnà dà?" Mo dákẹ́. Ebi ò dákẹ́ o.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ló yẹ ká mọ̀ pé àwọn bàbá wa ò fi orúkọ kan ṣoṣo pe iṣẹ́ tí a kì í gbowó fún. Àáró wà: mo bá ọ roko lónìí, ìwọ náà á bá mi ro tèmi lọ́la, a sì ń kà á. Ọ̀wẹ̀ wà: ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ se oúnjẹ, kó gbé ẹmu kalẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn òun nìkan ni yóò kọ ebè rẹ̀. Ìwọ̀fà náà wà: ó ń sin olówó, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dín gbèsè kù, èlé owó ni. Ẹgbẹ́ yẹn bẹ̀ wá lọ́wẹ̀, wọ́n lò wá bí ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà tí kò tiẹ̀ yá kọ́bọ̀!

Àwọn kan á ní tíátà á kú tí a bá ń sanwó fún gbogbo èèyàn. Ẹ wo Hubert Ògúndé. Eré tó gbé jáde ní 1944, ìjọ aládùúrà ló ṣe é fún, kí wọ́n lè rówó kọ́lé ìsìn. N ò rí àbùkù níbẹ̀, gbogbo wọn mọ ibi tówó ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ fi tíátà jẹun, tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, òṣèré tí yóò gbowó ló wá. (Pé ó tún fi àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣaya, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Kí ẹgbẹ́ tó pe èèyàn, kó là á mọ́lẹ̀: àáró ni àbí ọ̀wẹ̀?

Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí ńkọ́? Àwọn ọmọ 100 level méjì ló tẹ̀ ẹ́, àwọn náà ló tò sórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì. Èmi ni mo rán wọn. Mo ní wọ́n á fi kọ́ṣẹ́. Ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́. Ọ̀kan nínú wọn fún mi ní ewì kan pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti pé oṣù méjì, ó ṣì wà nísàlẹ̀ báàgì mi. Mo máa kà á lálẹ́ òní. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé, n óò dá a padà, pẹ̀lú owó ọkọ̀ wọn.