Ẹ̀rọ Tí Kì Í Sọ Pé Ó Dàbọ̀

Ẹ̀rọ Bluetooth kì í dágbére. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, bí ọmọ bá gbé e jù sẹ́yìn fíríìjì, bí onílé bá kó o lọ sílé tuntun, kò ní ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Á kàn dákẹ́ ni. Èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ilé, ìdákẹ́ yẹn niṣẹ́ mi: ṣé ó ń sinmi ni, ṣé ó ti kú, àbí èmi ni mi ò gbọ́? Nínú gbogbo ohun tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o.

Irú Bluetooth tí mò ń wí ni èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó dé pẹ̀lú ẹ̀dà 4.0 lọ́dún 2010. Ọ̀nà 40 ni wọ́n pín afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré, ọ̀nà 37, 38 àti 39, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpolówó, ìyẹn igbe tí ẹ̀rọ fi ń kéde ara rẹ̀. Wọn ò tò wọ́n síbì kan: ọ̀kan wà ní 2402 megahertz, ọ̀kan ní 2426, ọ̀kan ní 2480, kí Wi-Fi ilé má baà bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́ńsọ̀ á jí, á ké lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á tún padà sùn. Òmíràn lè ké lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, òmíràn lẹ́ẹ̀kan péré láàrin ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá; ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni ìyẹn wà. Kò sì gbọdọ̀ ké ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo. Òfin ni pé kó fi ìdádúró díẹ̀ kún un, láti 0 dé 10 millisecond, tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ iye tí yóò jẹ́ ṣáájú. Bí kò bá sí èyí, ẹ̀rọ méjì tí àkókò wọn bá ṣèèṣì bára mu yóò máa bo ohùn ara wọn láìdáwọ́dúró. Ẹni tó ronú kan ìdádúró kékeré yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Báìtì 31 ni gbogbo àyè tí ẹ̀rọ ní fún ọ̀rọ̀ nínú irú ìpolówó tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ wo ọ̀kan tó jáde látinú sẹ́ńsọ̀ kékeré kan:

02 01 06 0A 16 D2 FC 40 02 86 0B 03 8C 1E

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà á rò pé ìdọ̀tí lásán ni. 02 àkọ́kọ́ ń sọ pé báìtì méjì tó tẹ̀ lé òun, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n: wọ́n ń sọ irú ẹ̀rọ tó ń ké. 0A ní kí a ka báìtì mẹ́wàá tó kàn papọ̀. 16 ní ìròyìn iṣẹ́ kan ló ń bọ̀. Ẹ̀yìn la ti ń ka D2 FC, ó di FCD2, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìlànà BTHome mọ̀. 40 ń sọ pé ẹ̀dà kejì ni, wọn ò sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ náà pa. 02 dúró fún ìgbóná. Ẹ ka 86 0B láti ẹ̀yìn, ó di 2950 nínú ìǹkà tiwa, ìyẹn 29.50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. 03 dúró fún ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, 8C 1E sì di 78.20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàrá kan n'Ìbàdàn lẹ́yìn òjò nìyẹn, nínú báìtì 14. Mo ti ka irú rẹ̀ títí, síbẹ̀ ara mi ṣì máa ń yá gágá bí nọ́ńbà bá yọ sí mi báyìí tó sì bá ohun tí ara mi ń mọ̀ lára mu.

Inú Home Assistant, ètò tó ń bójú tó ilé, ni mo ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Paulus Schoutsen ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2013, Python ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni kóòdù rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Kó tó di oṣù kẹjọ ọdún 2022, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ètò náà, ìyẹn apá kóòdù tó ń bójú tó irú ẹ̀rọ kan, tó bá fẹ́ lo Bluetooth ló ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń jà sí rédíò kan ṣoṣo. Ẹ̀dà oṣù yẹn ló mú etí kan ṣoṣo wọlé, tó ń gbọ́ fún gbogbo wọn. J. Nick Koston ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn pé ẹ̀kọ́ ni kóòdù rẹ̀ jẹ́ fún mi. Báyìí, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á kọ ìpolówó tó ń wá sínú fáìlì manifest.json rẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà iṣẹ́, tàbí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà (76 ni ti Apple). Bí ohun tí etí gbọ́ bá bá a mu, káàdì á yọ lójú fóònù onílé pé ẹ̀rọ tuntun ti dé, ṣé kí a gbà á? Onílé ò ní kọ àdírẹ́ẹ̀sì kankan, kò sì ní wá nọ́ńbà kékeré lẹ́yìn páálí. Ètò náà á rántí pé òun ti fi han onílé, kó má baà máa dà á láàmú. Bí ẹ̀rọ náà bá sì pòórá, á pa ìrántí yẹn rẹ́, kó lè jẹ́ pé bó bá padà dé lọ́jọ́ iwájú, a óò tún kí i káàbọ̀.

Rírí ẹ̀rọ dùn, ṣùgbọ́n mímọ̀ pé kò sí mọ́ niṣẹ́ gan-an. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní àdúgbò mọ ìgbà tí ìyá ẹlẹ́kọ máa ń kiri kọjá. Kò ní sọ pé ìyá ò jáde lónìí torí pé òun ò gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ga tán, gbogbo ilé ti mọ̀. Bí ètò náà ṣe ń kọ́ ìwà ẹ̀rọ nìyẹn. Á máa kọ àkókò tó gbọ́ ọ sílẹ̀ títí yóò fi pé ìgbà 16, á wá wo àlàfo tó wà láàrin wọn, á sì mú èyí tó gùn jù. Kò pín wọn dọ́gba kó mú àárín. Èyí tó gùn jù ló mú. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni rédíò tó ń gbọ́ lè tẹ́tí sí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìpolówó kan kò lè ṣe kó má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàfo tó gùn jù ti ka irú ìpàdánù bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwà ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kún un fún àánú.

Bí kò bá tíì mọ ìwà ẹ̀rọ kan ńkọ́? Ó ní òǹkà tó dì mú: ìṣẹ́jú-àáyá 195 fún ẹ̀rọ tí a lè so pọ̀ mọ́, 900 fún èyí tó kàn ń polówó lásán. 195 yẹn nídìí. Nínú kóòdù náà, wọ́n kà á sí pé BlueZ, ètò tí Linux fi ń darí Bluetooth, máa ń gbàgbé ẹ̀rọ tí kò gbọ́ mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 180. Wọ́n wá fi 15 lé e.

Aago tí a fi ń ka gbogbo èyí ṣe pàtàkì, níbi tí mò ń gbé pàápàá. Ọ̀pọ̀ Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí a fi ń darí ilé, kò ní bátìrì tó ń gbé aago. Bí wọ́n bá mú iná ní aago méjì òru, tí wọ́n dá a padà ní aago mẹ́fà, Pi á jí pẹ̀lú èrò pé aago méjì ṣì ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn ẹ̀rọ. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé, aago á fo wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ aago tó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí la fi ń ṣírò, gbogbo ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ni yóò dà bí ẹni tó ti dákẹ́ láti wákàtí mẹ́rin, gbogbo ilé á sì ṣófo lójú ètò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ aago irú ti time.monotonic() la ń lò. Aago yẹn kò mọ ọjọ́, kò mọ oṣù, ṣùgbọ́n kì í fò, kì í sì í padà sẹ́yìn. Ohun tí a fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: àkókò tó ti kọjá látìgbà tí a gbọ́ kẹ́yìn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo kóòdù náà ni ibi tí ètò ti ń fura sí ara rẹ̀. Bí etí kan kò bá gbọ́ ẹyọ ìpolówó kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 90, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ èyíkéyìí, kò ní kéde pé ayé ti parí. Á gbà pé etí òun ló dí, á sì tún rédíò náà tàn. Rédíò Bluetooth olówó pọ́ọ́kú máa ń dákú báyẹn; lójú Linux ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbà pé ètò tí kò lè bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ló ṣàìsàn, kò yẹ ká gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò sí nílé.

Ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kọ́ nílò ju etí kan lọ. Láti oṣù kẹsàn-án 2022, a lè fi ètò ESPHome sórí ESP32, pátákó kékeré tí kò wọ́n, ká gbé e sí yàrá míì, kó máa fi Wi-Fi ránṣẹ́ ohun tó bá gbọ́. Ìbéèrè tó kàn ni pé nígbà tí etí mẹ́ta bá gbọ́ ẹ̀rọ kan náà, èwo la óò gbà gbọ́? Agbára ohùn la ń wò, -60 sàn ju -80 lọ. Ṣùgbọ́n ètò kì í fi etí kan sílẹ̀ torí pé èkejì fi díẹ̀ ta á yọ. Tuntun gbọ́dọ̀ fi 16 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kí ti tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá kọjá láàrin pálọ̀ lásán, omi inú ara rẹ̀ tó láti mú kí ẹ̀rọ máa fò láti etí kan sí èkejì.

Fóònù yàtọ̀. Ó máa ń pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 15, kí ilé ìtajà àti ẹni tó ń kọjá má baà lè tọpa ẹni tó ni ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ ká wá ọgbọ́n tí a óò fi borí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní IRK. Ẹni tó ni fóònù, bó bá fi í lé ilé rẹ̀ lọ́wọ́, ilé náà á lè dá a mọ̀ lábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì èyíkéyìí. Ẹni tí kò bá fi í sílẹ̀, àjèjì ni yóò máa jẹ́ lójú ètò.

Èyí tó kù tó ṣì ń gba ìrònú mi jù ni sẹ́ńsọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í polówó àfi bí ilẹ̀kùn bá ṣí tàbí tó tì. Ilẹ̀kùn yàrá àlejò lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò sì sí àlàfo kankan tí a lè kọ́ lára rẹ̀. Irú èyí la ń pè ní ẹ̀rọ olóorun nínú kóòdù: a kì í kéde pé kò sí, bí Home Assistant bá sì kú tó tún jí, a dá ohun tó sọ kẹ́yìn padà fún un. Àwọn kan ní ewu wà nínú ìyẹn, torí bátìrì lè ti kú kí ètò ṣì máa sọ pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí mò ń ṣe ni pé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà, títì tàbí ṣíṣí, mo máa ń fi ọjọ́ àti wákàtí tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn hàn, pẹ̀lú iye bátìrì tó ní lọ́jọ́ náà, kí onílé fúnra rẹ̀ lè pinnu bóyá kí òun dìde lọ wò ó.