Ìwé Ìjọba Gàbọ̀n ní Libreville

Ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, ilé iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Òun ni ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́, òun ni ilé ìkàwé àpapọ̀, òun náà ló sì ń kó àkọsílẹ̀ ìjọba jọ fún àwọn olùwádìí. Ní Nàìjíríà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ya àwọn iṣẹ́ yìí sí. National Archives dá dúró, èyí tó wà ní Ìbàdàn sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. National Library náà ní òfin tirẹ̀: òfin ọdún 1970 ní kí àwọn ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ máa fún un ní ẹ̀dà 25 nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde. Lójú tèmi, bí Gàbọ̀n ṣe kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ àkóso kan bọ́gbọ́n mu, nítorí ìwé ìjọba kì í pẹ́ di ìwé àtijọ́.

Ohun tí à ń pè ní ìwé ìjọba ni ohunkóhun tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ, tó sì tẹ̀ fún aráàlú láti kà: òfin, ètò ìnáwó ọdọọdún, èsì ìkànìyàn, ìròyìn iṣẹ́ àwọn mínísítà, máàpù. Olórí gbogbo wọn ni Journal Officiel, tí í ṣe gásẹ́ẹ̀tì ìjọba Gàbọ̀n. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Òfin tí ilé aṣòfin ṣe, àṣẹ tí ààrẹ pa, ìlànà tí mínísítà gbé kalẹ̀ àti orúkọ àwọn tí wọ́n yàn sípò ló kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni òfin fi ń di mímọ̀ fún aráàlú. Ní ìparí òfin Gàbọ̀n, gbólóhùn kan máa ń wà tó pàṣẹ pé kí wọ́n forúkọ òfin náà sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e jáde nínú Journal Officiel.

Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà òfin yóò tètè rí ohun tó ń wá. Ẹ jẹ́ ká mú òfin 003/2007 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 2007. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ipò òfin náà láàárín àwọn òfin ọdún yẹn, èkejì ni ọdún. Òfin àwọn ọgbà ìtọ́jú igbó àti ẹranko ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka òun nìkan yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ọgbà, kò ní mọ bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ọdún 2002 ni Ààrẹ Omar Bongo fi àṣẹ dá ọgbà 13 sílẹ̀, Lopé, Ivindo àti Loango wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ gígé igi gẹdú sì wà nínú òfin igbó, nọ́ńbà 016/2001. Ìwé mẹ́ta nìyẹn lórí igbó kan náà, olùwádìí sì gbọ́dọ̀ kó wọn jọ kó tó lè sọ̀rọ̀ tó dájú.

Ìtàn àwọn ìwé yìí ló gba sùúrù jù. Ní 1910, Faransé kó Gàbọ̀n pọ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní àyíká rẹ̀, ó pe gbogbo rẹ̀ ní Afrique Équatoriale Française, ó sì fi gómìnà àgbà jókòó sí Brazzaville. Nítorí náà, àṣẹ gómìnà àgbà tó kan Gàbọ̀n láti ìgbà yẹn títí di 1958 wà nínú Journal Officiel tí wọ́n ń gbé jáde ní Brazzaville, kì í ṣe ní Libreville. Apá tó pọ̀ nínú ìwé ìṣàkóso ayé Faransé tilẹ̀ wà lókè òkun, ní Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé.

Ààlà ilẹ̀ náà pàápàá kò dúró sójú kan. Nínú àdéhùn ọdún 1911, Faransé fi agbègbè Woleu-Ntem, níbi tí ìlú Oyem wà, fún Jámánì, ó sì di ara Kamẹrúùnù títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dá a padà. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ Oyem ní 1913, ìwé Jámánì ni kó wá. Láti 1925 sí 1946, Haut-Ogooué, agbègbè Franceville, kúrò lára Gàbọ̀n, ó bọ́ sábẹ́ Moyen-Congo, ilẹ̀ mìíràn tí Faransé ń ṣàkóso. Omar Bongo, tó ṣe ààrẹ Gàbọ̀n láti 1967 títí tó fi kú ní 2009, agbègbè yẹn ni wọ́n bí i sí ní 1935. Lójú ìwé ìjọba ìgbà náà, Moyen-Congo ni wọ́n bí i sí. Kí olùwádìí kọ́kọ́ wo ọdún, kó tó wo orúkọ ìlú.

Lẹ́yìn òmìnira, ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 1960, ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì ni ti 1961, ti 1991, àti èyí tí aráàlú dìbò fún ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gbàjọba ní 2023. Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ ni agbẹjọ́rò ń wá.

Èsì ìkànìyàn náà wúlò. Ti 1993 fi hàn pé ènìyàn 1,014,976 ló wà ní Gàbọ̀n. Ti 2013 gbé e dé 1,811,079. Irú nọ́ńbà báyìí ni a fi ń mọ iye ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó yẹ kí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní.

Ọ̀ràn kan wà tó kan Yorùbá oníṣòwò gan-an. Gàbọ̀n, Benin àti Togo jọ wà nínú OHADA, ẹgbẹ́ tí àdéhùn ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti sọ òfin ìṣòwò àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ di ọ̀kan. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ọmọ Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin tó ṣí ilé ìtajà ní Libreville ń bá òfin tó ti mọ̀ nílé pàdé. Ọmọ Ìbàdàn ní láti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. OHADA ní Journal Officiel tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti Gàbọ̀n, nítorí náà kí oníṣòwò béèrè fún méjèèjì.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé yìí, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò nílò olùrànlọ́wọ́. Apá kan nínú Journal Officiel ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì dára kí ènìyàn kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò. Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìkàwé náà fúnra yín, ẹ kọ nọ́ńbà òfin tí ẹ ń wá àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i sílẹ̀, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá ìwé ayé Faransé ni ẹ fẹ́ tàbí ti ẹ̀yìn òmìnira.