Ìkíni Ẹnu Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà

Ìkíni Yorùbá kì í ṣe ariwo ẹnu lásán, bí kò ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí ń kíni ti wo ipò tí ẹni tí ó ń kí wà: ẹni tí ó jókòó, a kí i kú ìjókòó, ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, a kí i kú iṣẹ́, ẹni tí ó sì ti ọ̀nà jíjìn dé, kí a tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá ni a ó ti gbé omi fún un. Òṣùwọ̀n yìí gan-an ni mo fẹ́ fi wọn iṣẹ́ ọnà kékeré kan tí àwọn lámèyítọ́ kì í kà sí, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń sọ nígbà tí ènìyàn bá tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tán, tí ilẹ̀kùn sì ṣí.

Agboolé ni Unix, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pín ẹ̀rọ kan ṣoṣo lò nínú rẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni fáìlì tí ń jẹ́ /etc/motd ti wúlò, tí alábòójútó ń kọ ìkéde ọjọ́ sí kí gbogbo ẹni tí ó bá wọlé lè kà á. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ojú dúdú tí kò ní àwòrán kankan, tí àmì kan ṣoṣo sì ń dúró de àṣẹ rẹ̀, kò mọ ohun tí òun yóò tẹ̀.

Nínú àwọn ìkíni tí mo ti kà lára àwọn ètò tí ó tẹ̀ lé ìlànà Unix, ti FreeBSD ni mo fi ṣe olórí. Lẹ́yìn tí ó bá ti fi ibi tí ìwé àtọ́nà ńlá rẹ̀ wà han àlejò, yóò ní kí ó tẹ man man, èyí tí í ṣe ìwé tí ń kọ́ni bí a ti ń ka ìwé yòókù. Yóò tún ní kí ó tẹ man hier, èyí tí í mú un rìn yí agboolé ká, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, kí ó lè mọ ohun tí a ń kó sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ibi tí ọgbọ́n òǹkọ̀wé náà ti wú mi lórí jù lọ ni ibi tí ó ti sọ àṣẹ tí a fi ń mọ irú ẹ̀dà tí ó wà lórí ẹ̀rọ, tí ó sì bẹ àlejò pé kí ó mú èsì náà dání, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí ó bá rí, nígbà tí ó bá ń wá ìrànlọ́wọ́. Ó ti rí wàhálà ọ̀la kí ó tó dé. Ní ìparí, ó fi bí a ti lè yí ìkíni náà fúnra rẹ̀ padà hàn wá, bí onílé tí ó na kọ́kọ́rọ́ sí àlejò.

Ti Debian kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé ọ̀fẹ́ ni àwọn ètò inú òun, ó tọ́ka sí ibi tí ìwé àṣẹ-ẹ̀dà wọn wà, ó sì kéde pé òun kò ṣe onígbọ̀wọ́ ohunkóhun. Òótọ́ ni, ó sì bá òfin mu. Ṣùgbọ́n ta ni í pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà pé bí òrùlé bá wó lù ọ́, kò kan èmi?

Ẹni tí ó bá fi ojú yìí wo OpenBSD lè ṣì í dá lẹ́jọ́. Ohun tí ìkíni rẹ̀ ń tọrọ ni pé kí a fi àṣẹ sendbug jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa àléébù, kí a sì kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀dà tuntun, bí ìgbà tí a gbé ọkọ́ lé àlejò lọ́wọ́. Àmọ́ àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wọ ilé yẹn, ọkọ́ kò sì jẹ́ ìwọ̀sí fún àgbẹ̀. Wọn kò kúkú gbàgbé ẹni tuntun, nítorí pé alábòójútó yóò bá lẹ́tà kan tí Theo de Raadt, olùdásílẹ̀ OpenBSD, fọwọ́ sí nínú àpótí rẹ̀, tí ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ubuntu ni ó súnmọ́ àṣà wa jù ní ọ̀nà kan: ó ń wo ipò ẹ̀rọ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó ń sọ bí iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó, àtúnṣe mélòó ni ó ń dúró, bóyá ó sì yẹ kí a pa á kí a tún un tàn. Ó dùn mí pé láti 2017 ni ìròyìn láti Canonical, ilé iṣẹ́ tí ó ni Ubuntu, ti ń bá ìkíni náà wọlé. Ẹni tí a bá ti kọ́ láti máa fojú fo ìròyìn, yóò fojú fo ìkìlọ̀ pẹ̀lú.

Bí a bá fẹ́ kọ irú rẹ̀ ní Yorùbá ńkọ́? Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó wọlé, nítorí náà “ẹ” ni a ó lò, kì í ṣe “o”. A ó kọ ọ́ ní ṣókí, nítorí ìlà 24 ni ojú ẹ̀rọ àtijọ́ ń gbà, ohun tí ó bá sì ju èyí lọ yóò ti orí ọ̀rọ̀ jáde. Lẹ́tà ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, àmì náà sì lè bọ́ sọnù lójú dúdú. Ẹ jẹ́ kí a yan ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní í dàrú bí àmì bá bọ́. FreeBSD pàápàá kò sọ bí a ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni onílé wa sì máa ń sin àlejò sọ́nà. Èyí ni èmi ì bá kọ:

Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn.
Láti mọ iṣẹ́ àṣẹ kan, ẹ tẹ man, kí ẹ sì fi orúkọ àṣẹ náà tẹ̀ lé e.
Bí nǹkan bá dojú rú, ẹ tẹ uname -a, kí ẹ mú èsì rẹ̀ wá bá wa.
Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tẹ exit.