Ìyára, Agbára àti Ìfaradà nínú Ìlù Bàtá Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tí ó bá gba òwe yìí bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ẹ̀sọ̀ àti agbára jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Ní agbo bàtá, ìdájọ́ òǹwòran sábà máa ń yàtọ̀: onílù tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù lọ ni wọ́n ń pè ní alágbára, òun náà ni wọ́n sì ń náwó fún. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdájọ́ méjèèjì kò tó. Ọ̀tọ̀ ni ìyára, ọ̀tọ̀ ni agbára, ọ̀tọ̀ sì ni ìfaradà. Lámèyítọ́ tí ó bá pò wọ́n pọ̀ yóò ṣi iṣẹ́ onílù gbé.

2.0 Iṣẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Ìlobùú, Ifọ̀n àti Òṣogbo. Òkìkí àwọn ọmọ Àyàn ìlú náà ti kàn dé òkè òkun. Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun wà lára àwọn tí wọ́n gbé ìlù débẹ̀. Nínú Yorùbá Bàtá Goes Global (2007), Debra Klein wo bí àwọn òṣèré Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ṣe ń bá ọjà àgbáyé lò. Amanda Villepastour ní tirẹ̀ kọ́ ìlù lọ́dọ̀ Àyándòkun. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 2010 tú àṣírí ẹnà, èdè tí àwọn onílù fi ń pe ìró bàtá lẹ́nu. Ọjà ni ó jẹ ọ̀kan lógún, èdè ni ó jẹ èkejì lógún. Làálàá ara onílù wà láàárín méjèèjì, ó sì yẹ fún àyẹ̀wò tirẹ̀.

3.0 Ohun tí ìmọ̀ nípa iṣan fi hàn

Ní 1938, A. V. Hill fi hàn pé bí iṣan bá ṣe ń yára súnkì tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí ó lè gbé ń dínkù. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gbé irin tó wúwo gan-an kò fi lè gbé e kíákíá, bí ó ti wù kí ó tiraka tó. Ní 1970, Mary Moffroid àti Robert Whipple jábọ̀ ìwádìí lórí àwọn tí wọ́n fi ìyára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ìdárayá. Agbára àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀sọ̀ ṣe é pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ ẹ̀sọ̀ nìkan. Ti àwọn tí wọ́n ń yára pọ̀ sí i ní ìwọ̀n ìyára tí wọ́n fi kọ́ra àti ní èyí tí ó rẹlẹ̀ sí i. Ìfaradà wọn nínú iṣẹ́ kíákíá sì gbòòrò. Ní 2015, Brad Schoenfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí lórí gbígbé irin. Yálà ìgbésókè àti ìgbésílẹ̀ kan gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tàbí ìṣẹ́jú àáyá 8, bí iṣan ṣe ń tóbi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí ẹni náà bá ṣáà ṣe é títí agbára rẹ̀ fi pin. Kò sí ìyára kan tí ó jẹ ọba lórí gbogbo nǹkan. Ohun tí ara bá fi kọ́ra ni ara ń mọ̀.

4.0 Agbo bàtá

Àfiwé ni èyí tí ó kàn yìí, nítorí ẹ̀rọ ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn lò, kì í ṣe bílálà. Ìyáàlù bàtá ní ojú méjì. Ọwọ́ lásán ni onílù fi ń lu ojú òjò tí ó fẹ̀, bílálà ni ó fi ń na ṣáṣá tí ó kéré, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo ìlù náà sì so kọ́. Bílálà fúyẹ́, nítorí náà ni ọwọ́ ṣe lè yá. Ìyára ọwọ́ jẹ́ ẹ̀rí ìkọ́ra, kì í ṣe ẹ̀rí agbára. Ọrùn àti èjìká ni agbára wà, níbi tí ẹrù kò ti sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọdé tí ó kọ́kọ́ ń lu omele, tí ó ń tún ìlù kan náà lù kíákíá, ń kọ́ ìfaradà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníjó: ẹni tí ó bá fẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀ tí ó sì fẹ̀sọ̀ dìde ń fi itan gbé ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ́ sókè kíákíá ń rí ìrànlọ́wọ́ nínú ìtagbọ̀n ara.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Ọ̀rọ̀ bàtá ṣòro í gbọ́ ju ti dùndún lọ. Bí owó òǹwòran bá ń sún onílù sáré, tí ọwọ́ sì ń rẹ̀ ẹ́, ìró ojú òjò àti ti ṣáṣá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn, ọ̀rọ̀ yóò sì sọnù. Òǹwòran yóò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń kì kò ní mọ̀ pé òun ni a ń kì.

5.0 Ìkádìí

Òwe ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ pé kí ènìyàn má lágbára. Ọ̀nà tí a fi ń mú nǹkan ni ó ń sọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bàtá máa bi agbo ni pé: ǹjẹ́ onílù lè dẹwọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé? Ǹjẹ́ ó lè tún sáré lẹ́yìn náà kí ìró kọ̀ọ̀kan ṣì dá dúró? Ǹjẹ́ ọwọ́ tí ó fi parí ṣì mọ́ bí èyí tí ó fi bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí ó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀gá, ìbáà jẹ́ pé ẹlòmíràn yára jù ú lọ.